Ẹ Má Fi Sìmẹ́ńtì Pa Mọ́sálásí Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ògiri ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àmáánà wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìnákúnàá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mọ́sálásí kan wà tí àwọn baba ńlá wa fi bíríkì sísun kọ́, tí wọ́n sì fi láìmù rẹ́. Láìmù ni ẹbu funfun tí à ń rí nígbà tí a bá sun òkúta ẹfun tàbí ìkarahun nínú iná, tí a sì bu omi pa á. Nígbà tí ara ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pe jámáà jọ, a dá owó, a sì gbé iṣẹ́ fún bírikìlà. Ó há gbogbo láìmù àtijọ́ dànù, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó sì fi ọ̀dà olóróró kùn ún. Ó ń dán gbinrin. Gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kí òjò ọdún kẹta tó dá, ara ògiri ti ń wú, iyọ̀ funfun ń yọ, bí ènìyàn bá sì fi ìka kàn án, ohùn àgbá òfìfo ni yóò gbọ́. Nígbà tí sìmẹ́ńtì náà já, ó bá ojú bíríkì já. Bíríkì tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún láìsí wàhálà wá di ẹbu pupa.

Kí ni ó fà á? Ògiri àtijọ́ a máa mí. Omi ń wọ inú rẹ̀ láti inú ilẹ̀ àti láti ara òjò. Láìmù kò le púpọ̀, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín sì wà lára rẹ̀, nítorí náà omi tí ó wọlé ń rí ọ̀nà jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le ju bíríkì àtijọ́ lọ, ó sì ń dí ọ̀nà. Bí ooru bá mú ògiri fẹ̀, tí òtútù sì mú un sún kì, sìmẹ́ńtì kò lè bá a rìn. Ó ń sán. Òjò ń gba ojú sísán náà wọlé, kò sì rí ọ̀nà àtijáde. Iyọ̀ tí ó yọ́ sínú omi náà wá ń dì lẹ́yìn sìmẹ́ńtì bí omi ti ń gbẹ, bí ó sì ti ń dì ni ó ń fọ́ ojú bíríkì. Ọ̀dà olóróró àti táìsì a máa dá kún ìyà náà ni.

Ohun tí a fi rẹ́ ògiri gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ògiri lọ. Aṣọ ni ìrẹ́lé, ògiri ni ara. Aṣọ ni à ń pààrọ̀. Ọdún 1824 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Joseph Aspdin ní ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀ ni aráyé ti ń fi láìmù kọ́lé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Wọn yóò ní kí a má sọ ògiri di òrìṣà, pé kí á wó ti àtijọ́, kí á kọ́ tuntun. Èmi náà kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ bíríkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo hádíìsì Ibn Umar tí ó wà nínú ìwé Bukhari: bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Umar fẹ̀ ẹ́, irú ohun èlò kan náà ni ó sì lò, Uthman ni ó fi òkúta fínfín àti ẹfun ìrẹ́lé kọ́ ògiri rẹ̀. Àwọn Sàhábà mọ ohun tí wọ́n ń fi kọ́lé. Ẹni tí ó há ìrẹ́lé tí ara rẹ̀ dá dànù, tí ó tún fi owó jámáà ra táìsì tí ń kọ mànà, kí òun ni kí ó wá wàásù ìnákúnàá fún mi? Rárá o.

Ní Èkó, mọ́sálásí Shitta-Bey ṣì dúró. Muhammad Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, ni ó náwó sí i. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì dé, ni ó kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Abdullah Quilliam wá láti Liverpool ní orúkọ Sultan Abdul Hamid Kejì, wọ́n sì fi Shitta joyè Bey. Ọwọ́ àwọn Àgùdà yìí náà wà lára mọ́sálásí ńlá ìlú Porto-Novo, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Òdòdó àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sí ojú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí a bá ti há a dànù lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò tún un mọ? Òfin nìkan kò sì tó. Ilojo Bar ní Èkó, tí ìjọba ti kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Ẹ jẹ́ kí ojú ti àwa ọ̀dọ́ díẹ̀ nípa Djenné ní ilẹ̀ Màlì. Amọ̀ lásán ni mọ́sálásí ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1907. Òjò ń wẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, lọ́dọọdún sì ni àwọn ará ìlú ń tún un rẹ́. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọ́n á jẹ́ kí ó rà, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa sá eré gbé e wá nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn á gun igi ọ̀pẹ tí wọ́n kì bọ ara ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí gan-an. Àgbà ọ̀mọ̀lé á dúró, á máa darí wọn. Wọn kò fi sìmẹ́ńtì bò ó kí wọ́n lè sinmi.

Àwọn àgbà bírikìlà tí ó mọ láìmù í pò kò pọ̀ mọ́ láàrin wa. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ ọ yóò rí iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù: fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni à ń rẹ́ ẹ, ìpele lórí ìpele, a sì ń wọ́n omi sí i kí ó má baà tètè gbẹ, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń gba ohun tí yóò sọ ọ́ di òkúta padà. Ibi tí ó bá dá nínú ìrẹ́lé àtijọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ọnà kí hámà tó kan ògiri.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ń bọ̀, kí wọ́n tó dá owó sìmẹ́ńtì, kí ọ̀dọ́ kan rọra na ọwọ́ sókè, kí ó ní: “Ẹ̀yin baba wa, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni omi ti ń wọ ògiri yìí?” Ó lè jẹ́ páànù kan péré ni ó jò.