Oníṣòwò Kékeré ní Johannesburg: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Fún Un?

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí a ń fi kan àwọn àjèjì oníṣòwò ní Johannesburg, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò fínnífínní, èyí ni pé wọn kì í san owó-orí. Bí a bá sọ ọ́ báyìí lásán, irọ́ ni. Ẹni tí ó bá ra ọṣẹ tàbí bàtà ní Hillbrow ti san owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kí ó tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2018. Òǹtajà kò sì ní bèèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á. Ṣùgbọ́n owó-orí kejì wà, èyí tí ìjọba ń gbà lórí èrè òwò. Lórí èyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀, nítorí pé kì í ṣe àwọn tí ń sá fún owó-orí nìkan ni ó lè pàdánù níbẹ̀. Olóòótọ́ pẹ̀lú lè pàdánù, ohun tí yóò sì fa àdánù rẹ̀ kò ju bébà pélébé kan lọ.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣòwò ti yí padà. Ìkọlù tí ó bẹ́ sílẹ̀ sí àwọn àjèjì ní 2008, ní 2015 àti ní 2019 kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ewu wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó ní pátákó lójú pópó. Nígbà tí àrùn kòrónà sì sé ayé mọ́lé ní 2020, àwọn tí kò tíì kúrò lójú pópó náà kọ́ bí a ti ń tajà láti inú yàrá. Lónìí, obìnrin kan lè jókòó ní Yeoville tàbí ní Kempton Park kí ó máa ta àdìrẹ Ìtòkú, ańkárá, òrí àti irun fún ẹni tí ó wà ní Durban, tí kò rí i sójú rí. WhatsApp àti Instagram ni ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé ọjà wọn sórí Takealot, tàbí sórí Amazon tí ó ṣí ọjà tirẹ̀ fún Gúúsù Áfíríkà ní oṣù karùn-ún 2024.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun kan nínú òwò yìí tí kò sí nínú òwò àwọn ìyá wa. Ní ayé tiwọn, owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde, inú àpò kan náà ni wọ́n ń gbé, kò sì sí àjèjì tí ó rí èyíkéyìí nínú wọn. Nínú òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó tí ń wọlé ní ẹlẹ́rìí. Báńkì kọ ọ́ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó káàdì kọ ọ́ sílẹ̀, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin mú un ní dandan fún àwọn báńkì láti máa fi ìròyìn nípa owó àwọn oníbàárà wọn ṣọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí. Owó tí ń jáde ńkọ́? Owó tí a fún awakọ̀, aṣọ tí a san owó rẹ̀ lọ́wọ́, àpò tí a fi di ọjà? Èyí kò ní ẹlẹ́rìí kankan àfi rìsíìtì tí òǹtajà bá já fún ni. Bí rìsíìtì náà bá sọnù, apá kan ṣoṣo ni ìjọba yóò rí nínú ìtàn òwò náà, apá tí ó dùn mọ́ ìjọba nínú.

Òfin ilẹ̀ náà kò fi èyí pamọ́. Òfin Owó-Orí No. 58 ti ọdún 1962, ní abala 11, gbà pé kí á yọ ohun tí oníṣòwò ná láti fi wá èrè kúrò nínú owó tí ó wọlé, kí á tó bu owó-orí lé ìyókù. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin kejì, No. 28 ti 2011, èyí tí ó sọ bí a ó ti máa ṣe àkóso owó-orí, sọ ní abala 102 pé ọrùn ẹni tí ń san owó-orí ni ẹrù ẹ̀rí wà. Kì í ṣe ìjọba ni yóò fi hàn pé oníṣòwò kò ná owó tí ó ní òun ná. Oníṣòwò ni yóò fi hàn pé òun ná an. Abala 29 pàṣẹ pé kí á tọ́jú àwọn ìwé náà fún ọdún márùn-ún láti ọjọ́ tí a bá ti fi ìròyìn owó-orí ránṣẹ́. Bí ìwé kò bá sí, abala 95 fún ilé-iṣẹ́ owó-orí ní agbára láti fojú bu iye tí ènìyàn yóò san. Abala 234 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ sanwó ìtanràn tàbí kí á ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó yìí ni a ń pè ní SARS. Kí orúkọ náà má ṣe já ẹnikẹ́ni láyà. Kò bá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Nàìjíríà fi ìwọ́de lé lọ ní 2020 tan.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò hàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú ìwé yìí jẹ́ olùkọ́, ẹ ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Kí á sọ pé aláṣọ kan ta ọjà 400,000 ráńdì nínú ọdún owó-orí tí ó parí ní oṣù kejì 2025, tí ó sì ná 290,000 lórí aṣọ, owó ọkọ̀, àpò àti íntánẹ́ẹ̀tì. Èrè rẹ̀ jẹ́ 110,000. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 19,800. Ìjọba sì fi 17,235 jin olúkúlùkù ní ọdún náà. Ohun tí yóò san kò ju 2,565 ráńdì lọ. Wàyí o, kí á sọ pé obìnrin yìí kan náà kò ní rìsíìtì kan ṣoṣo. Bí òṣìṣẹ́ owó-orí bá tẹ̀lé òfin dé góńgó, tí ó kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀, orí 400,000 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: ìdá 18 lórí 237,100 àkọ́kọ́, ìdá 26 lórí èyí tí ó tẹ̀lé e títí dé 370,500, ìdá 31 lórí ìyókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 86,507. Bí a bá yọ 17,235 kúrò, ó ku 69,272. Ẹni tí ó jèrè 110,000 yóò san 69,272, a kò sì tíì mẹ́nu kan ìtanràn. Kò jalè, kò purọ́, kò sì fi ọjà kankan pamọ́. Rìsíìtì tí ó dà nù pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó gbá ní yàrá rẹ̀ tó 66,707 ráńdì.

Kí ló dé tí àwa ènìyàn dúdú kì í fi ojú rere wo ìwé owó-orí? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní Natal, ní 1906, owó-orí pọ́n-ùn kan ni ó mú kí Bambatha àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ohun ìjà, ìjọba amúnisìn sì ta ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogun Adùbí ti 1918 kò ṣàì ní ọwọ́ owó-orí nínú. Láti 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti títí Aláké Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, wọ́n sì jà á wọ 1969. Ní ìgbà náà, orí ènìyàn ni a ń ka owó lé. Kò sí ẹni tí ń bèèrè ohun tí àgbẹ̀ ná lórí oko rẹ̀. Agbowó-orí ni ń kọ ìwé, ẹni tí ó sanwó ni ń gbé e kiri, kí ó lè rí nǹkan fi hàn bí wọ́n bá dá a dúró. Ní Johannesburg, ọlọ́pàá a máa bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú páàsì. Ojú tí ìwé ìsinsìnyí kọ sí yàtọ̀. Ìwé àtijọ́ ń dáàbò bo àpò ìjọba. Rìsíìtì ń dáàbò bo àpò oníṣòwò kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Ó yà wá lẹ́nu pé ìkórìíra tí a ní sí ti àkọ́kọ́ ni a fi ń bá ti èkejì lò.

A kò sọ pé ó rọrùn. Ní òpópónà Rahima Moosa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Jeppe, àti ní àwọn ọ̀nà tóóró tí ó yí i ká, a lè ra ọjà ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bèèrè rìsíìtì lè rí i pé wọ́n ń wo òun bí amí. Ohun tí ó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó gba owó láti báńkì ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó kọ orúkọ ìsọ̀, ọjọ́, irú ọjà àti iye rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó wọ ọkọ̀ padà sílé. Ẹ̀rí náà kò lágbára bí rìsíìtì, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọwọ́ òfìfo lọ. Rìsíìtì àwọn ilé ìtajà ńlá pàápàá ní àbùkù tirẹ̀: ooru ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í pẹ́ tí ohun tí a tẹ̀ fi ń ṣá. Òfin gbà kí á tọ́jú ìwé sórí ẹ̀rọ, nítorí náà kí á ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbà á. Ìwé aṣọ́bodè àti ìwé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù fún ẹrù tí ó ti Èkó wá, ìwọ̀nyí ni a kò gbọdọ̀ fi ṣeré rárá, nítorí owó inú wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá tí a ń gbé ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Òfin gbà kí á ka apá kan owó ilé mọ́ ìnáwó òwò bí a bá ṣètò apá náà fún iṣẹ́, tí a ń lò ó déédéé, tí a kò sì lò ó fún ohun mìíràn. Tábìlì tí a ti ń di ọjà ní ọ̀sán tí àwọn ọmọ sì ń jẹun lórí rẹ̀ ní alẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ọjà gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó ń kọ ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan sí, ibi tí ó lọ àti kìlómítà tí ó rìn. Ohun èlò tí owó rẹ̀ kò tó 7,000 ráńdì, a lè yọ gbogbo iye rẹ̀ ní ọdún tí a rà á. Kọ̀ǹpútà tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́ta ni a fi ń pín in.

Ìjọba náà mọ̀ pé ẹrù yìí wúwo. Láti 2009 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà mìíràn fún òwò kéékèèké, níbi tí a kì í ti í ka èrè, bí kò ṣe àpapọ̀ ọjà tí a tà. Ní ọdún tí ó parí ní oṣù kejì 2025, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan ráńdì lọ lè wọ inú rẹ̀, kò sì ní san nǹkan kan lórí 335,000 àkọ́kọ́. Aláṣọ wa òkè yìí ìbá san 650 ráńdì péré! A gbà pé ọ̀nà yìí dára fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn rẹ̀ tóóró. A gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ọdún owó-orí tó bẹ̀rẹ̀, àfi bí òwò náà bá jẹ́ tuntun. Ẹni tí ó sì pàdánù ní ọdún náà yóò san bí ẹni tí ó jèrè, nítorí pé ọjà nìkan ni wọ́n ń wò. Bébà pàápàá kò tán níbẹ̀: a gbọ́dọ̀ kọ gbogbo owó tí ó wọlé sílẹ̀, pẹ̀lú ohun ìní àti gbèsè tí ó bá ju 10,000 ráńdì lọ.

Ẹjọ́ kan wà tí a ní pẹ̀lú ìjọba nínú gbogbo èyí. Òfin mú ẹni tí ń rà, ó ní kí ó mú ẹ̀rí wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń tà ní ìsọ̀ ńlá lè kọ̀ láti já rìsíìtì kí ó sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Oníṣòwò kékeré kò lágbára láti bá a jà. Bí SARS bá fẹ́ kí ìwé pọ̀ lọ́wọ́ aláṣọ Yeoville, kí wọ́n kọ́kọ́ rìn dé ojú ìsọ̀ àwọn tí ó ń ta aṣọ náà fún un. Ìgbà náà ni àwọn tí ń sọ pé àjèjì kì í san owó-orí yóò tó mọ ẹni tí kì í san án ní tòótọ́.

Kí ẹni tí ó wà nílé má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Johannesburg nìkan nìyí. Àwọn òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Wọn kò bu nǹkan kan lé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí òfin kà sí èrè ènìyàn lọ́dún. Ọmọ wa tí ó ń ta bàtà lórí fóònù ní Ìbàdàn, tí mílíọ̀nù márùn-ún náírà gba inú báńkì rẹ̀ kọjá, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ 700,000, kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ lórí èrè náà. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù márùn-ún ni báńkì rí.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ọdún owó-orí ẹni tí ń dá òwò ṣe parí ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kejì. Ẹni tí èrè rẹ̀ kì í ṣe owó oṣù ní láti ṣe ìṣirò, kí ó sì san apá kan ní ìparí oṣù kẹjọ, kí ó san apá kejì ní ìparí oṣù kejì. Ẹni tí ó fi ìròyìn ọdún tí ó parí ní oṣù kejì 2025 ránṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2025, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn rìsíìtì ọdún náà kúrò nílé títí di oṣù kẹwàá 2030.