Ẹ Jẹ́ Kí Ọkàn Ọmọ Sinmi Ná

Bí òtútù bá ti dé ní ìlú òyìnbó tí a ń gbé yìí, ọ̀fìnkìn àti ibà a máa mú àwọn ọmọ wa. Kí ara tó fúyẹ́ díẹ̀, àwọn òbí kan ti gbé ọmọ sínú ọkọ̀, ó di orí pápá. Wọ́n á ní ọmọ Yorùbá kì í ṣọ̀lẹ. A bi wọ́n: ta ló sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ni aláìsàn tó ń sinmi?

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn tàbí Kọ́rónà lè kọjá imú àti ọ̀fun, kí iṣan ọkàn wú nítorí rẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní myocarditis. Kò wọ́pọ̀, a kò sì fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkàn tó wú, tí a tún ní kó máa sáré, ìlùkìkì rẹ̀ lè dàrú lójijì, kí ẹni tó ni ín sì ṣubú lulẹ̀.

Ẹ wo Alphonso Davies, ọmọ Kánádà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bayern Munich ní Jámánì. Lẹ́yìn tí Kọ́rónà mú un, ní oṣù kìíní ọdún 2022, àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan ọkàn rẹ̀ wú díẹ̀. Kánádà ń dù nígbà náà láti lọ sí Ife Àgbáyé, èyí tí wọn kò dé láti 1986! Síbẹ̀ wọ́n ní kó jókòó. Oṣù kẹrin ló tó padà sórí pápá. Bí ẹni tí ń gba owó rẹpẹtẹ bá lè jókòó, kí ni ife ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa jẹ́?

Àwọn kan á ní bọ́ọ̀lù yìí ni ọmọ yóò fi rí sikọ́láṣíìpù gbà ní Amẹ́ríkà. A mọ̀, owó yunifásítì níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Yunifásítì wo ló ń fún òkú ní sikọ́láṣíìpù?

Àwọn mìíràn sì wà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ayé ló ṣe é, wọ́n ta á lọ́fà láti ilé. Ẹ rántí Samuel Okwaraji, tó kú sórí pápá ní Sùúrùlérè ní oṣù kẹjọ ọdún 1989. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò òkú kò rí ọfà kankan: ọkàn tó tóbi jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n rí.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Bí ibà bá ṣì wà lára, tí ikọ́ wà ní àyà, kò sí eré ìdárayá. Bí ara bá yá, kí ó kọ́kọ́ rìn kí ó tó sáré. Bí àyà bá ń dùn ún, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí ó dákú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ myocarditis, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó fi yàgò fún eré líle.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá á bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.