Ẹni Tí Ó Ń Sanwó Ni Kí Ó Ka Mítà



Kò sí awakọ̀ kan láàárín wa tí yóò gba dísẹ̀lì ní ilé epo láìwo ojú pọ́ǹpù. Kò sí ẹni tí ó ń gbé àpò sórí òṣùwọ̀n tí kò ní wo ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí. Gbogbo wa ni a sì mọ ìyà tí ó wà nínú kí àwọn oníná mànàmáná máa fojú díwọ̀n owó fún ilé tí kò ní mítà. Ohun tí a kò bá wọ̀n fúnra wa, ẹni tí ó ń tà á ni yóò wọ̀n ọ́n fún wa.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ọ̀rọ̀ kíkó ìwé owó ẹgbẹ́ wa lọ sórí kọ̀ǹpútà àyálò ti ń wáyé ní ìpàdé. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, èyíinì àwọsánmà, kò sí lójú ọ̀run rárá. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá níbi kan, tí a ń lò láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí fi irú rẹ̀ háyà, sẹ́ǹtì 10 owó Amẹ́ríkà fún wákàtí kan. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka púpọ̀ nínú wọn. Ó dà bí takisí tí mítà rẹ̀ kì í sinmi, bí èrò wà nínú rẹ̀, bí èrò kò sí.

Èmi kò lòdì sí i. Ìwé tí ikán kò lè jẹ, tí òjò kò lè pa, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n owó tí a ó fi san án, inú owó oṣù òṣìṣẹ́ ni a ti yọ ọ́. Dọ́là sì ni púpọ̀ nínú àwọn ayánilẹ́rọ ńlá fi ń dá iye lé ọjà wọn. Bí náírà bá já wálẹ̀, gbèsè wa yóò lé sí i bí a kò tilẹ̀ fi ohunkóhun kún ìlò wa. Nítorí náà mo sọ ọ́ gbangba: ẹ̀ka wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn kankan, àfi bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá wà tí ó lè wọn ìlò wa fúnra rẹ̀.

Wíwọ̀n náà kò ṣòro. Àṣẹ kúkúrú tí a ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni. Méjì nínú wọn, df àti du, ti wà láti ọdún 1971 nínú Unix tí wọ́n ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Bí a bá tẹ df -h, ẹ̀rọ yóò sọ bí àyè ìpamọ́ ti tóbi tó, èyí tí ó ti kún, àti èyí tí ó ṣófo. Bí a bá tẹ du -sh pẹ̀lú orúkọ àpò fáìlì kan, yóò sọ ìwọ̀n ẹrù inú àpò yẹn nìkan. Àṣẹ uptime yóò sọ bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó lọ́rùn ẹ̀rọ láti ìṣẹ́jú 1, 5 àti 15 sẹ́yìn. Nproc yóò sọ iye ọpọlọ tí ó fi ń ṣiṣẹ́.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ká ní àyè 100 GB ni a gbà, tí df sì fi hàn pé 9 péré ni ó kún. Lọ́dọ̀ Amazon, owó 100 ni a ó san lórí dísìkì bẹ́ẹ̀, nítorí àyè tí a gbà ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ẹrù tí a kó sí i. Ká ní ẹ̀rọ náà ní ọpọlọ 8, tí uptime sì ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ti ọpọlọ kan. Tírélà ni a háyà láti fi gbé agbọ̀n tòmátì kan! Bí a bá sì pa ẹ̀rọ náà, owó ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n owó dísìkì rẹ̀ ṣì ń lọ, bí owó gáréèjì ọkọ̀ tí kò jáde.

Àwọn kan yóò wí pé ayánilẹ́rọ ti ní ojú ìwé aláwòrán tí ó ń fi ìlò hàn, kí ni a tún ń wá? Mo gbà pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ ni. Àṣẹ wà lọ́dọ̀ Amazon, aws ce get-cost-and-usage, tí a fi ń bèèrè iye owó tí a ti jẹ. Sẹ́ǹtì 1 ni wọ́n ń gbà lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ayánilẹ́rọ náà ni ìyẹn tún ń kà fún wa. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ gan-an ni df àti uptime ti ń mú èsì wá. A nílò méjèèjì kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ti ń ka ẹrù ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ẹrù.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ìpàdé tí ń bọ̀ gbé yẹ̀ wò. Ìkíní, kí a yan ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan láti ilé iṣẹ́, ọ̀kan láti ẹ̀ka ọkọ̀, kí a kọ́ wọn ní àwọn àṣẹ wọ̀nyí. Ẹni tí ó lè ka ojú géèjì ẹ̀rọ lè kọ́ èyí. Ìkejì, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì kọ èsì sínú ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè bèèrè láti rí. Ìkẹta, kí akápò má ṣe san owó oṣù kankan àfi lẹ́yìn tí a bá ti fi ìwé wa wé ìwé owó tí ayánilẹ́rọ mú wá.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó tí a fi òógùn kó jọ, ẹ má jẹ́ kí ó máa kán lọ bí omi ẹ̀rọ tí a gbàgbé láti tì.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!