Pípe Onílù Wọ Ilé

Nígbà tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gba orí òkè Àṣàbàrí wọ ìgboro Ṣakí, tí àgbàdo ti wọ àká tí iṣu sì ti wọ abà, ìgbà náà gan-an ni òde máa ń pọ̀ ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí títí dé Kíṣí àti Ìgbòho tí àwọn Aláàfin ìgbà kan fi ṣe ibùjókòó. Ẹni kan ń kó ọmọ jáde, ẹni kan ń ṣe wòlímà, ẹni kan ń ṣílé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin onílé sọ nínú gbogbo rẹ̀, èyíinì ni bí ẹni tí kì í ṣe olówó, tí ilé rẹ̀ kò ju yàrá mẹ́rin àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ, ṣe lè pe onílù àti olórin wọ ilé rẹ̀, kí ó gbádùn wọn tọkàntọkàn, kí ó má di ajigbèsè, kí ó má sì di ọ̀tá aládùúgbò rẹ̀.

Àwọn baba wa kò kọ́ gbọ̀ngàn. Agbo-ilé ni gbọ̀ngàn wọn. Bákan náà ni ó rí ní Èkó nígbà tí Tunde King, ẹni tí a bí ní ọdún 1910, bẹ̀rẹ̀ orin tí gbogbo wa wá mọ̀ sí jùjú, nítorí pé pálọ̀ àwọn onílé ni orin náà ti gba agbára kí ó tó bọ́ sí ìta, àwọn tí ń ṣe é kò sì ju ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, pẹ̀lú gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti jùjú tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1936, wọ́n ti ká orin rẹ̀ sínú àwo. Àwọn òyìnbó pàápàá mọ adùn rẹ̀. Ní ìlú Vienna, pálọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Franz Schubert ni wọ́n ti máa ń pé jọ lálẹ́ láti gbọ́ orin rẹ̀, títí ó fi kú ní ọdún 1828 láìtíì pé ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

Ẹ wo ọ̀wọ́ dùndún bí wọ́n bá to ara wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọsán tí ó yí i ká ni onílù ń fún mọ́ ìhà tí ohùn fi ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ bí ohùn ọmọ ènìyàn, tí ó fi ń ki baálé ilé títí kan orúkọ baba tí ó bí baba rẹ̀. Gúdúgúdú tí a lẹ ìda mọ́ lójú, tí a ń fi bílálà méjì nà, kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ijó sùn. Wàyí o, bí ẹ bá wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ga ju ènìyàn lọ síwájú àwọn wọ̀nyí, nínú àgbàlá tóóró tí páánù yí ká, ariwo tí ń mi ilẹ̀ yóò bo ohùn ìyáàlù mọ́lẹ̀, a ó máa ki onílé, onílé kò sì ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì. Ní tèmi, n kò rí òfò tí ó ju pé kí ènìyàn sanwó oríkì, kí ó má gbọ́ ọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀wọ́ onídùndún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ilé kan, onírárà kan pẹ̀lú ẹlẹ́gbè rẹ̀ tó o, àwọn oníṣákárà pẹ̀lú gòjé wọn sì tó o ju ẹ̀rọ gbogbo lọ, nítorí pé ohùn gòjé tín-ín-rín, ó fẹ́ kí á sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ pinnu owó pẹ̀lú wọn kí ọjọ́ tó pé, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ ẹni tí yóò bọ́ wọn, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ wọn padà, àti aago tí eré yóò parí. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ń bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òde, ibi àìsọ̀rọ̀ yìí ni ó ti ń wá.

Ti aládùúgbò ńkọ́? Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un, ẹ pè é wá jẹun. Ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ tí yóò jókòó sí ìdí òfì láàárọ̀ kùtùkùtù wà nínú ilé kejì, abiyamọ wà níbẹ̀, arúgbó tí yóò jí kí asùbáà wà níbẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ orò kí ẹ tó dá ọjọ́ òde, kí ẹ má baà pe àlejò sínú ìsémọ́lé. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009, ka aago mẹ́wàá alẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òru, ariwo tí ó sì fàyè gbà ní òru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé kéré púpọ̀ sí ti ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ owó níná tún kù. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lé ènìyàn lórí lójú agbo àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ijó sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ má rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúgbajà kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 lórí ọ̀rọ̀ yìí, láìfi àyè owó ìtanràn sílẹ̀. Ẹ gbé igbá kan síwájú onílù, kí olúkúlùkù rọra fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ àwọn Àyàn a kúkú tẹ owó wọn láìsí pé àwọn ọmọ kéékèèké ń bá wọn ṣà á nílẹ̀.

Bí iná ìjọba bá lọ, ìta gbangba ni kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí, kí ó jìnnà sí fèrèsé, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò òde fún ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí gbogbo ìlú yóò máa du àwọn onílù. Ẹ lọ sí agboolé àwọn Àyàn tí ó wà ní àdúgbò yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bá olórí wọn jókòó, kí ẹ sì sọ oríkì ìdílé yín fún un ní kíkún, nítorí pé yóò nílò àkókò láti kọ́ ọ.