Àwòrán Tí Kò Lórúkọ

Àwọn kan a máa sọ pé àwòrán àtijọ́ tí ó wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kò ju ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri lọ. Irọ́ gbáà ni. Ẹ̀rí ni àwòrán jẹ́. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ kí ẹ̀rí ṣègbé ti ba ẹjọ́ ìlú jẹ́.

Kòsọ́fẹ́ tó àpẹẹrẹ. Ní 1996 ni a yọ ọ́ kúrò lára Ṣómólú. Ní 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún yọ ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè méjì, Àgbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹrì, láti ara rẹ̀. Bí a bá ń pín irú ogún bẹ́ẹ̀, tábìlì àti mọ́tò ni ojú máa ń wà lára wọn. Ta ni ó ń ka àwòrán?

Èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù ń kọ́? Alága tí ó ń ṣí ọjà ni a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán. Wolé-wolé tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, akọ̀wé tí ó mú fáìlì dání, obìnrin tí ó gbá ọjà Mile 12 kí àlejò tó dé, ‘àwọn mìíràn’ ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtàn yóò gbà pé alága nìkan ni ó ṣe ìjọba.

Kì í ṣe pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò níye lórí. Solomon Osagie Alonge fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán ààfin àti ará ìlú Bìní. Ní 2014, Smithsonian pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington fún gbogbo ayé wò.

Wọn yóò ní kò sí owó. Èló ni pẹ́ńsù? Ọ̀nà kò sì jìn: Mágódò, ní Kòsọ́fẹ́ gan-an, ni ilé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí wà. Kí olùkọ́ ní Kétu àti Ìkòsì rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó wà nínú àwòrán, iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ọdún tí a yà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó dá ojú wọ̀nyí mọ̀ lónìí lè má sí lọ́la.