Ó Ń Rẹ̀ Wá, A Ò Sọ Pé Oorun Ń Kùn Wá

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "oorun ń kùn mí" yàtọ̀ sí "ó rẹ̀ mí." Ẹni tí oorun ń kùn á máa tòògbé lórí ìjókòó, orí rẹ̀ á máa já lu àyà. Ẹni tó rẹ̀ lè lajú sílẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kó má sì lágbára láti fọ abọ́ tó fi jẹun. Ìyá àgbà tí kò wọ kíláàsì rí mọ ìyàtọ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí ń gbé ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé a ní sleep apnea, ẹ̀rọ CPAP la sì fi ń sùn. Fún ẹni tí kò mọ àìsàn náà: bí èèyàn bá ti sùn wọra, ọ̀nà ọ̀fun á dì, èémí á dá, ọpọlọ á ta á jí díẹ̀ kó lè mí, lẹ́yìn náà á tún dì. Ó lè ju ọgbọ̀n ìgbà lọ láàrin wákàtí kan, kí ẹni náà má sì mọ̀. Àwọn ará ilé á gbọ́ tó ń hanrun, wọ́n á ní oorun rẹ̀ dùn! Lọ́dún 1981 ni Colin Sullivan, dókítà ará Ọsirélíà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìtọ́jú yìí jáde: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòmú wọlé kí ọ̀fun má baà dì. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. A ò bá a jà o, a ò sì ní gbé e jù sílẹ̀.

Nọ́ńbà là ń bá jà. Ẹ̀rọ yìí máa ń ka iye ìgbà tí èémí dá láàrin wákàtí kan. Bí kò bá ti pé 5, wọ́n á ní ó ti dáa. Dókítà á wo ojú ẹ̀rọ, á rí 3, á ní, "Ẹ kú oríire, ẹ máa lò ó lọ." A ní, "Dókítà, ó ṣì ń rẹ̀ wá." Á tún wo ojú ẹ̀rọ. Àwa kan nínú wa, kóòdù là ń kọ jẹun, a mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Gbogbo àyẹ̀wò kóòdù lè yọ àwọ̀ ewé, kí áàpù má sì ṣí lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ lọ sọ fún oníbàárà yẹn pé áàpù ń ṣiṣẹ́, pé ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa níṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́la.

Wọ́n tún ní ìwé ìbéèrè kan, Epworth, tí Murray Johns gbé jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1991. Ìbéèrè 8, máàkì 24. Bó bá kọjá 10, oorun tó ń kùn ọ ti pọ̀ jù. Ó ń béèrè bóyá o lè sùn lọ níbi tó o ti ń kàwé tàbí nínú mọ́tò. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé òun ò béèrè rírẹ̀ lásán. Johns ò tan ẹnikẹ́ni. Àwọn tó rí máàkì 6 wa, tí wọ́n sì fi pa fáìlì dé, àwọn ló ń tan ara wọn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni pé wákàtí mélòó la fi ẹ̀rọ náà sùn. Ní Amẹ́ríkà, kí ìjọba tó máa san owó ẹ̀rọ náà lọ fún àgbàlagbà, ó gbọ́dọ̀ lò ó fún wákàtí 4, ó kéré tán, ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òru oṣù kan. Nọ́ńbà owó nìyẹn. Ìwádìí tí Terri Weaver ṣáájú rẹ̀ lọ́dún 2007 fi hàn pé àǹfààní ẹ̀rọ lórí iṣẹ́ òòjọ́ ṣì ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bíi wákàtí 7 àti ààbọ̀. Níbo la ti fẹ́ rí iná wákàtí méje lóru ní Ìnísà? Lọ́dún 2024 nìkan, iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ká má tíì sọ ti àdúgbò. Iná ọba á lọ láago kan òru, ẹ̀rọ á dákẹ́, èèyàn á fi ojú oorun já ìbòmú sọnù. Ẹni tó bá ní ká tan jẹ́nẹ́, kó wá ra bẹntiróò sí i, kó sì wá bá wa fa èéfín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí lè lo bátìrì, pàápàá bí a bá pa apá tó ń gbé omi gbóná. Ẹnu ara wa la ti gbọ́ ọ, ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa ò sọ nǹkan kan. Dókítà tó kọ CPAP fún aláìsàn tí kò béèrè ibi tí iná máa gbà wá, ààbọ̀ oògùn ló kọ.

Ti àwọn ará ilé tó ń pè wá ní ọ̀lẹ, àtàwọn tó ní ayé ló ń fà á, a ti gbọ́ tiyín. Àwọn tó kàwé lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí a bá tún wọ mọ́tò dé Òṣogbo, kí wọ́n yẹ ìbòmú wò bóyá atẹ́gùn ń jò, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí imú máa ń gbẹ. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, kí wọ́n wò ó bóyá ó tó, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti tàróìdì wò. Kí wọ́n wo àwọn oògùn mìíràn tí à ń lò. Kí wọ́n béèrè bóyá ọkàn wa ti rẹ̀wẹ̀sì. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, tó sì ṣì ń rẹ̀ wá, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì gẹ́lẹ́ bí a ṣe sọ ọ́: ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n wá dá ọjọ́ míì fún wa.