Ìwé Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Ohun Àpò Ẹnì Kan

Níbikíbi tí àwọn ọmọ Yorùbá bá tẹ̀dó sí ní ìdálẹ̀, ìbáà ṣe Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kì í pẹ́ dìde láàrin wọn, ẹgbẹ́ kì í sì í ṣàìní ìwé ńlá tí akọ̀wé ń kọ orúkọ, owó oṣooṣù àti owó ìsìnkú sí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá gbé akọ̀wé náà lọ sí ìlú mìíràn, tàbí tí òun àti alága bá jà: ìwé a bá a lọ. Lóde òní, àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olúkúlùkù lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tí ó san àti iye tí ó kù. Iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn alága kì í bi wọ́n: níbo ni iṣẹ́ náà wà? Bí ó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ọmọ kan ṣoṣo ni, a jẹ́ pé akọ̀wé àtijọ́ kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Iwájú ni ojú ewé tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rí; ẹ̀yìn ni ibi tí a ti ń ṣírò owó, tí a ti ń wádìí ẹni tí ó wọlé, tí a sì ti ń to gbogbo àkọsílẹ̀ jọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan mọ méjèèjì dunjú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń lo àká àjùmọ̀ni, èyí tí wọ́n ń pè ní repository. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà ń wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó yí nǹkan padà àti ọjọ́ tí ó yí i padà.

Git ni irinṣẹ́ tí ó ń ṣọ́ irú àká bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó ṣe é ní ọdún 2005, nígbà tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń kọ Linux káàkiri ayé pàdánù irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn tí ó jìnnà sí ara wọn ni a ṣe é fún, ó sì bá ará ìdálẹ̀ mu. Gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà ni ó wà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá jó kọ̀ǹpútà kan ní Jọ́ọ̀sì, èyí tí ó wà ní Kánò tó láti fi bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹni tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣiṣẹ́ lóru, kí ó sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn kan ń sọ pé kí iwájú ní àká tirẹ̀, kí ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀. Fún ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàhálà lásán ni. Bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn bá yí orúkọ ohun kan padà, tí ẹni iwájú kò sì gbọ́, òfo ni ojú ewé yóò máa fi han àwọn ènìyàn. Nínú àká kan ṣoṣo tí ó ní yàrá méjì, àtúnṣe méjèèjì a jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Google pàápàá, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ rẹ̀, inú àká kan ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ní ọdún 2015, ìlà tí ó wà nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 2. Ọjọ́ kìíní náà ni ó yẹ kí wọ́n kọ ìwé README, tí yóò sọ ohun tí àlejò yóò kọ́kọ́ ṣe, kí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Mínnà má bàa kọ iṣẹ́ ní Màídúgùrì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka tirẹ̀, kí ohunkóhun má sì wọ ojúlówó iṣẹ́ àfi lẹ́yìn tí ẹlòmíràn bá ti kà á.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dé inú àká náà rárá, òun ni kọ́kọ́rọ́: ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ibi tí àkọsílẹ̀ wà, àti àṣírí tí a fi ń gba owó nípasẹ̀ báńkì. Fáìlì .env ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, a ó sì dárúkọ fáìlì náà nínú .gitignore kí Git má bàa gbé e. Ní ọdún 2016, àwọn olè wọ àká ìkọ̀kọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ Uber ń lò, wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi kó àkọsílẹ̀ nípa mílíọ̀nù 57 ènìyàn. Dọ́là mílíọ̀nù 148 ni Uber gbà láti san fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2018. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí òun bá pa á rẹ́ lọ́la, ó tán; Git kì í gbàgbé ohun àná. Kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀ ni a ó pààrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìwé tí ó sọ ilé tí àlejò ń gbé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tí rògbòdìyàn bá ti ká mọ́ ìdálẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí. Orúkọ àfòyemọ̀ ni kí àwọn ọmọ náà fi dán iṣẹ́ wọn wò. Nàìjíríà sì ti ṣe òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ní ọdún 2023.

Ó ku ti onílé. Lórí GitHub, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí a fi ṣí àká náà, kí ènìyàn méjì, ó kéré tán, ní àṣẹ onílé lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó kọ́, nítorí láti ọdún 2020 ni a ti lè ní àká ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láìka iye ènìyàn tí ń lò ó sí. Àwọn òbí kan yóò bínú pé ọmọ àwọn ni ó ṣe iṣẹ́ náà lófo, kí ló dé tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí ẹni tí yóò gbà á. Orúkọ ọmọ náà wà lára gbogbo ìlà tí ó kọ. Ṣùgbọ́n kí alága tó bọwọ́ lùwé pé iṣẹ́ parí, kí ó pe ọmọ mìíràn tí kò bá wọn kọ ọ́ wá sí ìpàdé, kí ó gba ẹ̀dà, kí ó ka README, kí ó sì gbé gbogbo rẹ̀ dìde lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é.